Ẹsẹ̀ Baba Aládùúrà: Ìwòsàn Tó Ń Rọra Bọ̀ Nínú Ìtàn Àwọn Ìjọ Wa

Bí ẹ bá bọ́ sílẹ̀ ní Ìyànà-Ìbà lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, tí ẹ wá fẹsẹ̀ rìn lọ sí apá Okokomáíkò, ẹ ó gbọ́ ìṣọ́ òru mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ẹ tó délé. Nínú gbogbo wọn, ìgbà ẹ̀rí kì í wọ́n. Ẹnì kan á jáde síwájú, á ní dókítà ti sọ ìrètí nù, á ní ọjọ́ mẹ́ta péré ni àwọn fi gbàdúrà tí aláìsàn fi dìde. Ìjọ á hó yèè. Èmi ò bá ẹ̀rí jà o. Ẹni tí kò tíì ní ẹ̀rí ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń kọ mí lóminú: ẹni tí ìyá rẹ̀ ti wà lórí ibùsùn láti oṣù kẹjọ, tó gbé ìka méjì lọ́sẹ̀ tó kọjá, tó gbé mẹ́ta lọ́sẹ̀ yìí. Ta ló fẹ́ gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn láti wí pé ìka kẹta ti mì?

Nígbà tí mo wà ní ọdún kejì, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan jọ ń gbé yàrá kan náà. Àrùn rọlápá-rọlẹ́sẹ̀ kọ lu bàbá rẹ̀. Ó lé ní ọdún kan kí bàbá náà tó lè gbé ṣíbí dé ẹnu fúnra rẹ̀. Láàárín àkókò yẹn, wọ́n ń na ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn, wọ́n ń gbàdúrà fún un nílé, owó sì ń lọ. Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ àdúrà tí ọ̀rẹ́ mi ń lọ bi í pé ẹ̀ṣẹ̀ wo ni ìdílé wọn fi pamọ́ tí ìwòsàn fi ń pẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kò dáhùn. Ó kàn dẹ́kun lílọ síbẹ̀.

Ẹ̀kọ́ ìtàn ni mò ń kọ́, nítorí náà inú ìwé ni mo gbé ìbéèrè yẹn lọ. Níbo ni a ti kọ́ ọ pé ìwòsàn tó bá ti ọ̀dọ̀ Ọlọ́run wá gbọ́dọ̀ yá? Mo rò pé ọ̀dọ̀ àwọn baba Aládùúrà ni, nítorí àwọn ló mú àdúrà ìwòsàn di ohun tí gbogbo ìjọ ń ṣe nílẹ̀ Yorùbá, títí kan àwọn ìjọ tí kì í wọ sùtánà. Àmọ́ bí mo ṣe ń kà á sí i, bẹ́ẹ̀ ni mo rí i pé ìtàn tiwọn fúnra wọn kò yá rárá.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Mósè Orímọládé Túnọláṣe, ọmọ Ìkàrẹ́. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ìjọ Kérúbù àti Séráfù sọ pé ọjọ́ tí wọ́n bí i ló ti fẹ́ dìde dúró, tí ẹ̀rù ba àwọn àgbà, tí wọ́n sì fi ipá mú un jókòó. Ẹni bá fẹ́ gbà á gbọ́, kó gbà á. Ohun tí gbogbo àwọn tó kọ ìtàn rẹ̀ fẹnu kò lé lórí ni pé ọ̀pọ̀ ọdún ló fi wà tí kò lè rìn. Ó ríran, wọ́n fi omi wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìran náà ṣe wí, ó sì dìde. Ibẹ̀ ni oníwàásù sábà máa ń dúró sí. Ṣùgbọ́n ìtàn kò dúró níbẹ̀: Orímọládé ń tiro títí ó fi kú. Ẹsẹ̀ tó ń tiro yẹn ló fi rin àwọn ìlú Yorùbá já, tó fi dé apá Òkè Ọya, kó tó wọ Èkó ní ọdún 1924. Ẹni tí gbogbo Èkó ń pè ní Baba Aládùúrà, tí wọ́n ń gbé aláìsàn wá bá, òun fúnra rẹ̀ kò rìn tààrà. Mi ò tíì rí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ bi í léèrè ẹ̀ṣẹ̀ tó dá.

Ọdún 1925 ni orúkọ rẹ̀ kàn káàkiri Èkó. Nínú oṣù kẹfà ọdún náà, àwọn Àgùdà ń ṣe ìtọ́wọ̀ọ́rìn ọjọ́ Ara Olúwa, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Abíọ́dún Akínṣọwọ́n sì lọ wòran. Kò tíì pé ọmọ ogún ọdún. Ó délé, ó bọ́ sínú ìran, kò sì jí. Ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́, kò jí. Ọjọ́ mélòó kan kọjá kí ẹbí tó ránṣẹ́ pe Orímọládé. Ó gbàdúrà, ọmọ náà sì là á já. Nínú àwọn èrò tó ń ya wọ ilé yẹn láti wá wò ó ni ẹgbẹ́ àdúrà ti bẹ̀rẹ̀, ẹgbẹ́ náà ló sì di Kérúbù àti Séráfù. Ìran tí Abíọ́dún rí, ìwé púpọ̀ ti sọ ọ́. Ní tèmi, àwọn ọjọ́ tó wà láàárín ni mo máa ń rò: àwọn tó jókòó ti ibùsùn nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ pé ìtàn ni ọ̀rọ̀ yìí máa dà. Lójú tiwọn, ọmọ tí kò jí ni.

Ṣùgbọ́n kí Orímọládé tó dé Èkó ni àdúrà ìwòsàn ti gbilẹ̀ ní Ìjẹ̀bú. Àrùn ló fà á. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1918, ọkọ̀ ojú omi gbé àrùn tí àwọn bàbá wa pè ní lùkúlùkú wọ Èkó. Àrùn kan náà ló ń jà ní gbogbo ayé lọ́dún yẹn. Àwọn òpìtàn fojú bù ú pé nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù èèyàn ló pa ní Nàìjíríà. Àwọn aṣojú ìjọba ń wá aláìsàn láti ilé dé ilé, àwọn èèyàn sì ń sá kúrò ní Èkó lọ sí ìgbèríko, wọ́n ń gbé àrùn náà dání lọ. Kò sí oògùn kankan tó kápá rẹ̀. Àwọn dókítà kò tilẹ̀ mọ ohun tó ń fà á dájú. Ọdún 1933 ni àwọn onímọ̀ ní Ìlú Ọba tó rí fáírọ́ọ̀sì rẹ̀ yà sọ́tọ̀ lára èèyàn. (Ọdún 1933 yìí kan náà ni Orímọládé kú, tí wọ́n sin ín sí Òjòkòrò. Ọ̀nà Agége nìyẹn o, kì í ṣe Ọ̀jọ́ tiwa.)

Ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn ọmọ ìjọ Áńgílíkà St. Saviour mélòó kan kó ara wọn jọ fún àdúrà. J. B. Ṣádárè ni olórí wọn. Olùkọ́ kan, Sophia Ọdúnlámì, sọ pé òun gbọ́ ohùn pé omi òjò ni kí àwọn aláìsàn lò. Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye ni wọ́n pe ara wọn. Rírẹ́rìn-ín músẹ́ sí omi òjò rọrùn lónìí, pàápàá fún ẹni tó ti ka ìwé ìmọ̀ ìṣègùn díẹ̀. Àmọ́ ẹ ronú sí i: lọ́dún 1918, kí ni ilé ìwòsàn ní tí ó dára ju omi tó mọ́ lọ, àti ẹni tí yóò fún aláìsàn mu, tí kò sì ní sá? Ẹni tí irú àrùn bẹ́ẹ̀ kò pa, àárẹ̀ rẹ̀ kì í lọ bọ̀rọ̀. Ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀ ni ara fi ń wá okun. Lójú tèmi, ẹgbẹ́ àdúrà yẹn wúlò ní àwọn ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn ju bí ìtàn ìjọ ṣe ń sọ ọ́ lọ.

Ní 1922, wọ́n kúrò nínú ìjọ Áńgílíkà. Ìrìbọmi ọmọ ọwọ́ jẹ́ ọ̀kan lára ohun tó fà á, ọ̀rọ̀ oògùn náà sì wà níbẹ̀. Wọ́n ti ń ka ìwé ìròyìn ìjọ Faith Tabernacle láti Philadelphia ní Amẹ́ríkà, ìjọ tó ń kọ́ni pé onígbàgbọ́ kò gbọ́dọ̀ lo oògùn kankan. Ìwé àti lẹ́tà nìkan ló so wọ́n pọ̀ o. Faith Tabernacle kò rán òyìnbó kankan wá bá wọn gbé kó wá rí ohun tí ibà ń ṣe níhìn-ín.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá gbóná jù nìyí. Ní 1930, Joseph Ayọ̀ Babalọlá bẹ̀rẹ̀ ìsọjí ní Òkè-Ooyè, Iléṣà, ìlú tí àwọn Mẹ́tọ́díìsì ti dá ilé ìwòsàn sílẹ̀ ṣáájú. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tú lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ìgò omi lọ́wọ́. Ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fojú sí wọn lára, ni àwọn aṣáájú bá ké sí ìjọ Apostolic Church ní Ìlú Ọba kó wá dúró tì wọ́n. Àwọn aṣojú dé ní 1931, George Perfect àti Idris Vaughan sì wá ní 1932 láti máa gbé níhìn-ín. Kò pẹ́ púpọ̀ tí àwọn Aládùúrà rí i pé àwọn òyìnbó tó ń wàásù ìwòsàn àtọ̀runwá ń gbé kuníìnì mì.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Kuníìnì ti yí ìtàn ilẹ̀ yìí padà. Ní 1841, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé ọkọ̀ gba odò Ọya lọ, ibà sì pa èyí tó ju 40 lọ nínú wọn. Ní 1854, William Balfour Baikie tún gba ọ̀nà kan náà nínú ọkọ̀ Pleiad, ó fún àwọn èèyàn rẹ̀ ní kuníìnì lójoojúmọ́, òyìnbó kan kò sì kú. Samuel Àjàyí Crowther wà nínú ìrìn àjò méjèèjì, ó fojú ara rẹ̀ rí ìyàtọ̀ rẹ̀, mi ò sì rò pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ dín kù nítorí rẹ̀.

Síbẹ̀, mo lóye ìbínú àwọn Aládùúrà. Wọ́n ti fi ìjọ bàbá wọn sílẹ̀ nítorí ẹ̀kọ́ yìí. Àwọn kan nínú wọn ti jókòó ti ọmọ tó ń gbóná bí iná, wọn kò sì fún un ní nǹkan kan àfi omi àti àdúrà. Kí a wá sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé òyìnbó lè lo tirẹ̀ nítorí pé ara òyìnbó kò mọ ibà! Bí òtítọ́ bá wà nínú àwíjàre yẹn, ojúsàájú tún wà nínú rẹ̀. Láàárín 1939 sí 1941, ìjọ náà pín sí méjì. Babalọlá, Isaac Akínyẹlé tó padà di Olúbàdàn ní 1955, àti David Odùbánjọ bá apá tó kọ oògùn lọ, apá yìí ló sì di Christ Apostolic Church, tí gbogbo wa mọ̀ sí CAC. Àwọn mìíràn dúró sínú Apostolic Church.

Ohun tí mo rí kọ́ nínú ìjà kuníìnì kì í ṣe pé apá kan gbọ́n tí èkejì gọ̀. Ìwà wọn ni mo ń wò. Lápá méjèèjì, kò sẹ́ni tó rò pé àdúrà ń gba iṣẹ́ ìtọ́jú lọ́wọ́ èèyàn. Ẹni tó kọ oògùn ṣì ń wẹ aláìsàn, ó ń bù omi fún un, ó ń gbààwẹ̀, ó ń bá a sùn nínú ilé àdúrà fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Wọn kò ní ká dá aláìsàn dá ara rẹ̀ kó lọ wá ìgbàgbọ́ tó tó wá. Lóde òní, ọ̀pọ̀ ọmọ CAC ń lọ sí ilé ìwòsàn láìfi bò. Oògùn ti padà wọlé, àmọ́ mo ń bẹ̀rù pé jíjókòó ti aláìsàn ni a jẹ́ kó bọ́ lọ.

Mo gbọ́dọ̀ mẹ́nu kan wòlíì kan sí i, nítorí pé ọ̀nà tiwa ni ìjọ rẹ̀ pọ̀ sí jù. Samuel Biléhou Oshoffa, káfíńtà ní Pọ́tò-Nófò, ló dá Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run Wá sílẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án 1947. Àwọn apẹja Ègùn gbé e dé Mákòókò ní nǹkan bí 1950. Láti Sẹ̀mẹ̀ títí dé Mile 2, ẹ kà iye pátákó Sẹ̀lẹ́ tí ẹ bá rí láti ojú fèrèsé bọ́ọ̀sì, ó máa sú yín. Ìtàn ìwòsàn àti àjíǹde ni wọ́n fi mọ Oshoffa. Ní 1985, ìjàǹbá ọkọ̀ ṣẹlẹ̀ sí i. Kò kú lójú ẹsẹ̀. Gbogbo ìjọ ń retí pé yóò dìde. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹsàn-án, ó kú, wọ́n sì sin ín sí Ìmẹ̀kọ. Ìjà lórí ẹni tí yóò jókòó sí ipò rẹ̀ gba ìwé púpọ̀, nítorí náà òun ni àwọn òpìtàn kọ. Ìdúró yẹn gan-an, àdúrà tí wọ́n gbà nígbà náà, ohun tí wọ́n sọ fún ara wọn lọ́jọ́ tí ìròyìn dé, kò fi bẹ́ẹ̀ sí nínú ìwé.

Mo sì mọ ibi tó ṣeé ṣe kó wà. Àwọn ìyá wa máa ń kọ nǹkan sẹ́yìn Bíbélì: ọjọ́ tí wọ́n gbé ẹnì kan lọ sí ilé ìwòsàn, ọjọ́ tó kọ́kọ́ jókòó, ọjọ́ tó jẹ ẹ̀kọ lábọ́ kan tán, ààwẹ̀ ọjọ́ mélòó. Àwọn ìjọ náà ní ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ aláìsàn sí fún àdúrà. Mo ti rí méjì lára irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò Ìbà. Orúkọ kan wà nínú ọ̀kan tó padà wá léraléra fún oṣù mọ́kànlá, ọwọ́ ìkọ̀wé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi kọ ọ́, lẹ́yìn náà kò sí mọ́. Ìwé náà kò sọ bóyá ẹni náà dìde tàbí ó kú.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde, bí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá wà nílé yín, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó da Bíbélì àtijọ́ yẹn nù, ẹ fi fóònù ya àwọn ojú ewé ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ bo orúkọ mọ́lẹ̀. Ọjọ́ ni mo fẹ́ kà.