Kí Kúlà Tó Dé

Kí ilé ìwé tó dé ilẹ̀ Yorùbá ni àwọn èèyàn ti ń di oúnjẹ kúrò nílé. Àgbẹ̀ tó ń lọ sí oko ẹgàn kò lè padà wálé wá jẹun ọ̀sán. Alájàpá tó fẹ́ dé ọjà kí oòrùn tó mú kò ní dúró dáná lójú ọ̀nà. Ewé ni gbogbo wọn fi ń dì í. Ọmọ ẹlẹ́kọ ni mí, n'Ìbàdàn ni wọ́n bí mi sí, ìdí àtẹ ẹ̀kọ ni mo sì ti mọ owó kà. Bí ẹ bá rí i pé mo ń gbè sẹ́yìn ewé nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má bínú sí mi.

Ohun tí mo rí láti kékeré, tó wá ń yé mi sí i bí orí mi ṣe ń funfun, ni pé ohun tí wọ́n fi di oúnjẹ ló máa ń pàṣẹ fún oúnjẹ. Ewé kò gba ọbẹ̀ olómi. Kò lè mú oúnjẹ gbóná dọ̀sán. Bí ohun inú rẹ̀ bá pẹ́ jù, yóò kan. Ẹni tó bá ń fewé di oúnjẹ ní láti dáná lójoojúmọ́, ó sì ní láti rí ohun tí yóò sè nítòsí. Àwọn ìyá wa kò jókòó ṣèpàdé pé ohun tó ń ṣara lóore, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ toko dé, làwọn fẹ́ máa fún ọmọ jẹ. Ewé ni kò fún wọn láyè àtiṣe òmíràn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ẹ̀kọ ṣe ń dé inú ewé. Ìyá mi á rẹ àgbàdo fún bí ọjọ́ mẹ́ta, á máa pààrọ̀ omi rẹ̀, á gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ, á sì sẹ́ ẹ. Èérí rẹ̀ di ti ewúrẹ́. Ògì á silẹ̀ sísàlẹ̀ agbada, omídùn á léfòó sórí, àwọn tó fẹ́ fi rẹ àgbo á sì gbé ìgò wá bù ú. Kí àkùkọ tó kọ lẹ́ẹ̀kejì, ìkòkò ti wà lórí iná. Ẹ̀kọ kì í fẹ́ kí wọ́n gbójú kúrò lára òun: bí ọwọ́ bá fi orógùn sílẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ó ti di kókó.

Iṣẹ́ tèmi ni nínu ewé. Ewé eéran ni, èyí tó fẹ̀, tí ìrù rẹ̀ gùn. A ó fi aṣọ tútù nù ún lójú àti lẹ́yìn, a ó sì tò ó jọ. Ìyá mi á mú ọ̀kan, á ká a bí àrọ, á bu ẹ̀kọ gbígbóná sínú rẹ̀, á pa etí ewé dé e, á wá dojú ibi tó pa dé náà délẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀. Kò sí okùn níbẹ̀. Bí ẹ̀kọ ṣe wúwo tó ló ń tẹ ewé náà pa. Bó bá fi máa di ìgbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti tutù, ó ti le, ilà ara ewé sì ti tẹ̀ sí i lára wínníwínní. Ẹ̀kọ tí kò bá nílà ewé lára, ìyá mi kì í kà á sí ẹ̀kọ.

Wọ́n ní bí a bá jẹ ẹ̀kọ tán, ká darí ji ewé. Ẹni tó pa òwe yẹn kò nu ewé rí.

Èso ewé eéran náà lọ́rọ̀ tirẹ̀. Ó pupa, ó ní igun mẹ́ta, ìsàlẹ̀ igi rẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀ ló ń so sí. Bí ọmọdé bá la ohun tó yí kóró rẹ̀ ká, gbogbo ohun tó bá fi sẹ́nu lẹ́yìn náà, títí kan ọsàn wẹ́wẹ́, á máa dùn ni. Dókítà ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan, W. F. Daniell, kọ̀wé nípa rẹ̀ lọ́dún 1855. Nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ Tate & Lyle ní Ìlú Ọba bẹ̀rẹ̀ sí fa adùn inú rẹ̀ yọ, wọ́n sì sọ ọ́ di ọjà. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹlẹ́wé ò gba kọ́bọ̀ lórí èso náà. Àwa ọmọdé ló ń jẹ ẹ́.

Àgbàdo tí à ń pè ní tiwa yìí, àlejò ni. Láti Amẹ́ríkà ló ti bá àwọn Potogí wá. Ọkà bàbà ló ti wà nílẹ̀ ṣáájú rẹ̀, àwọn ará òkè Ọ̀yọ́ ṣì ń fi se ẹ̀kọ dòní. Ewé gan-an ló jẹ́ onílé.

Ẹ̀kọ kì í dá lọ sóko. Àkàrà máa ń bá a lọ, tàbí ọ̀lẹ̀lẹ̀, tàbí ẹ̀fọ́ tí wọ́n sè gbẹ dáadáa kó má baà ro. Àwọn onímọ̀ nípa oúnjẹ òde òní wá là á yé wa pé èròjà kan wà tí ara ọmọ fi ń dàgbà, tí àgbàdo kò ní tó, tó sì jẹ́ pé inú ẹ̀wà ló pọ̀ sí. Ẹni tó kọ́kọ́ fi àkàrà ti ẹ̀kọ kò lọ sí yunifásítì kankan.

Níbo ni gbogbo èyí ti ń wá? Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ bí ibùdó ogun ní nǹkan bí ọdún 1829, ṣùgbọ́n jagunjagun náà ń jẹun, ó sì ń roko. Ilé kọ̀ọ̀kan ní oko etílé fún ẹ̀fọ́ àti àgbàdo, wọ́n sì ní oko ẹgàn lọ́nà jíjìn, níbi tí abúlé wà. Bàbá mi a máa lọ sí abúlé lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ Ẹtì ló ń padà dé. Ohun tó bá bọ̀ lórí rẹ̀ la máa ń jẹ lọ́sẹ̀ náà: iṣu lásìkò iṣu, ẹ̀gẹ́ nígbà tí kò bá sí iṣu, olú lẹ́yìn òjò, ìgbín bí orí bá ṣe ire. Ẹ̀wà ni kì í sábà ti oko wa wá. Ọ̀dọ̀ àwọn Gàm̀bàrí ni ìyá mi ti ń rà á. Ìyókù, àwọn alájàpá ló ń kó o láti àwọn ọjà ọrún-ọrún wọ ìlú. Orítamẹ́rin ni ọjà oúnjẹ wà nígbà náà, kí wọ́n tó kó o lọ sí Bódìjà lọ́dún 1987. Kòkó gba ilẹ̀ púpọ̀ lọ́wọ́ iṣu, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ewé eéran fẹ́ràn ibòji, ìdí kòkó kò sì ni ín lára.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1955 ni nǹkan yí padà. Ọjọ́ náà ni ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà, èyí tí mínísítà S. O. Awokoya ṣètò. Lọ́dún 1954, àwọn ọmọ tó wà nílé ìwé jẹ́ 456,600. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ti di 811,432. Ẹ̀kọ́ ni gbogbo èèyàn ń sọ bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ọdún náà. Èmi, ọmọ ẹlẹ́kọ, ikùn ni mò ń rò. Ọmọ tí ì bá jókòó ti bàbá rẹ̀ nínú oko, tí ì bá máa jẹ iṣu sísun àti epo lọ́sàn-án, ti wà nínú kíláàsì báyìí. Ta ni yóò fún un lóńjẹ? Ìjọba fún un ní olùkọ́, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ló fún un ní tọ́rọ́.

Nígbà témi náà wọ ilé ìwé, abẹ́ igi ọ̀dán tó wà lẹ́nu ọ̀nà ni àwọn olóńjẹ máa ń jókòó sí. Ẹlẹ́kọ wà níbẹ̀, alákàrà wà níbẹ̀, ẹni tó ń ta ègbo àti ẹ̀wà, ẹni tó ń ta ìpékeré, ẹni tó ń ta àádùn. Kọ́bọ̀ kan á bo ebi mọ́lẹ̀ di ìgbà tí agogo bá lù. Àwọn wolé-wolé a máa yọ sí wọn lójijì, a yẹ èékánná wọn wò, a ṣí ìdérí abọ́ wọn, a wo ìkòkò omi bóyá tanwíjí wà nínú rẹ̀. Ìyá mi ò bẹ̀rù ọba bó ṣe ń bẹ̀rù wolé-wolé. Àwọn èèyàn ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ lónìí, ṣùgbọ́n bí mo bá rí ibi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ létí gọ́tà, àárò wọn a máa sọ mí.

Búrẹ́dì ló kọ́kọ́ ṣẹ́gun ẹ̀kọ. Ẹni tí ìtàn rẹ̀ so mọ́ ọn jù ni Amos Shackleford, ọmọ Jàmáíkà tó wá ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Nàìjíríà, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣe búrẹ́dì tà l'Ékòó lọ́dún 1921. Mo mọ ìdí tí àwọn ìyá fi gbà á. Búrẹ́dì kò nílò ewé. Kì í ro. Ó ń sùn mọ́jú lórí pẹpẹ, kò ní kí ẹnikẹ́ni jí láàárín òru. Ọmọ á kì í sínú àpò ìwé, ó tán. Ó tún jẹ́ oúnjẹ Òyìnbó, èyí náà sì ní iyì tirẹ̀. Àmọ́ àlìkámà kì í hù lóko etílé wa. Ọjọ́ tí búrẹ́dì ti wọ àpò ọmọ ni oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ ti kúrò lọ́wọ́ àgbẹ̀ àdúgbò, tó ti bọ́ sọ́wọ́ ọkọ̀ ojú omi.

Nígbà tí owó epo rọ̀bì dé, kò sẹ́ni tó fura sí àlìkámà tí ọkọ̀ ojú omi ń kó wọlé. Lọ́dún 1987 ni ìjọba ológun Ọ̀gágun Ibrahim Babangida fòfin de kíkó àlìkámà wọlé, búrẹ́dì sì gbówó lórí. Àwọn tí wọ́n ti ń pe ẹ̀kọ ní oúnjẹ ará oko bẹ̀rẹ̀ sí yọ́ wá sídìí àtẹ ìyá mi. Bí ọ̀kan bá ti dé, ìyá mi á ní, "Ẹ kú ìrìn àjò o." Kì í rẹ́rìn-ín bó bá ń sọ ọ́.

Ọdún kejì òfin náà ni wọ́n kó Indomie, tí wọ́n ń fi àlìkámà ṣe, dé Nàìjíríà. Nígbà tó di 1995, wọ́n ti kọ́ ilé iṣẹ́ rẹ̀ sí Ọ̀tà. Àlìkámà náà ló gba ẹ̀yìnkùlé wọlé padà. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ló fi ń jinná, kúlà, abọ́ tó ń mú oúnjẹ gbóná, ni wọ́n sì ń dà á sí, nítorí kò sí ewé tó lè gbà á.

N kò bá kúlà jà. Ó gba ọbẹ̀, ó gba àmàlà, ó sì jẹ́ kí ọmọ jẹ ẹ̀fọ́ rírò nílé ìwé, ohun tí ewé kò lè ṣe láé. Ohun tí mo rí sí i ni pé ó jẹ́ ká gbàgbé pé oúnjẹ ní àkókò. Wọ́n á bu ẹ̀wà tó lọ́wọ́rọ́wọ́ sínú rẹ̀ ní aago mẹ́fà àárọ̀, wọ́n á dé e pinpin; ní aago kan ọ̀sán tí ọmọ bá ṣí i, ó ti ń hó. Oúnjẹ kúlà, bí kò bá gbóná janjan nígbà tí wọ́n dé e, kó kúkú tutù pátápátá. Àárín méjèèjì ló ń dá inú rírun sílẹ̀. Laílọ́ọ̀nù ni mo kórìíra. Ẹ̀kọ inú laílọ́ọ̀nù ń dán bí ike, kò ní òórùn, kò sì nílà lára.

Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bahia ní Bràsílì kò rí ewé eéran níbẹ̀, síbẹ̀ wọn ò fi ewé sílẹ̀. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Acaçá tí wọ́n ń dì sínú rẹ̀ dòní, ẹ̀kọ ni. Abará wọn, ọ̀lẹ̀lẹ̀ ni. Lọ́dún 2005, ìjọba Bràsílì kọ iṣẹ́ àwọn obìnrin alákàrà sínú ìwé ogún ìbílẹ̀ orílẹ̀-èdè náà. Mo ronú kan ìyá mi nígbà tí mo gbọ́. Risíìtì owó ọjà nìkan ni ìwé tí ìjọba ìbílẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ sí rí.

Ní ti oúnjẹ ilé ìwé, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ló gbìyànjú jù nílẹ̀ wa. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn ọmọ kéékèèké lóńjẹ nílé ìwé lọ́dún 2006, nígbà tó sì di 2012, Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá mú un gbòòrò, wọ́n pè é ní O'Meals. Ohun tó wú mi lórí nínú rẹ̀ ni pé àwọn obìnrin àdúgbò ló ń sè é, ọ̀dọ̀ àwọn àgbẹ̀ ìpínlẹ̀ náà ni wọ́n sì ṣètò pé kí ẹyin, adìyẹ àti ẹja ti máa wá. Kókò, tí àwọn ọmọ ìlú ti ń fojú tẹ́ńbẹ́lú, di àsáró ọmọ ilé ìwé. Lọ́dún 2016, ìjọba àpapọ̀ gbé irú ètò bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ káàkiri Nàìjíríà, wọ́n ya 70 náírà sọ́tọ̀ fún oúnjẹ ọmọ kan lójúmọ́. Ẹni tó bá ti tajà rí mọ̀ pé 70 náírà kò tó ra ẹyin kan lónìí.

Ọmọ mi obìnrin, tó ń gbé nítòsí Bódìjà, ní wàhálà ewé pọ̀ jù fún ẹni tó gbọ́dọ̀ dé ibi iṣẹ́ ní aago mẹ́jọ. Kò purọ́. Iṣẹ́ ẹni tí kò níbi kan tó ń sáré lọ láàárọ̀ ni dídi ọ̀lẹ̀lẹ̀, èmi sì ti fẹ̀yìn tì. Àdéhùn tí a wá jọ ṣe ni pé òun ló ń ra ẹ̀wà, tàtàṣé àti ewé lálẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, èmi ló ń lọ̀ ọ́, tí mo sì ń dì í lọ́jọ́ Àìkú. Lọ́jọ́ Ajé, a óò gbé e gbóná tewé-tewé, a óò fi sínú kúlà fún ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà sọ fún mi pé àwọn ọ̀rẹ́ òun ń bẹ òun kí òun fún wọn níbẹ̀. Mo ní kó máa fún wọn, ṣùgbọ́n kó sọ fún ìyá rẹ̀ kó fi ìdì ewé kan kún èyí tó ń rà.