Ẹ̀rù Inú Ilé, Ẹ̀rù Inú Igbó

"Bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tó ro ìyà, bó bá pa ẹran, kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ." Ẹni tó jìyà nítorí ẹlòmíràn, tí kò sì torí ìyà náà háwọ́, ni àwọn àgbà ń fi òwe yìí yìn. Àwọn ọdẹ inú ìwé D. O. Fágúnwà ló gbé e wá sí mi lẹ́nu.

Bí ẹ bá dárúkọ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ láàárín àwọn òǹkàwé ní Ìsẹ́yìn tàbí Ṣakí, èrò á pín sí méjì. Àwọn kan á ní ìwé abọ̀rìṣà ni, kò gbọdọ̀ wọ ilé mùsùlùmí tàbí ti onígbàgbọ́. Èyí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Olùkọ́ onígbàgbọ́ ni Fágúnwà, St. Andrew's l'Ọ́yọ̀ọ́ ló ti kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, ẹgbẹ́ ajíhìnrere C.M.S. ló sì tẹ ìwé náà jáde ní 1938.

Àwọn kejì á ní ó ń dẹ́rù ba ọmọdé jù. Èyí ló gba àlàyé. Agbákò, iwin kan nínú ìwé náà, dé fìlà irin, ojú mẹ́rìndínlógún ló yí orí rẹ̀ ká. Ta ni kò ní bẹ̀rù? Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kì í ṣe oríṣi kan. Ẹ̀rù inú ilé ni èyí tó ń ká èèyàn mọ́ orí ẹní. Òun ló kún inú fíìmù wa, níbi tí ìyá ọkọ tàbí orogún ti ń di àjẹ́. Dracula tí Bram Stoker kọ ní 1897 náà wọ ọkọ̀ ojú omi tọ àwọn èèyàn lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀rù yìí kò ní ibi ìsádi, torí ilé tí à bá sá sí gan-an ni ọ̀tá wà.

Ti inú igbó yàtọ̀. Ọdẹ ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ ibẹ̀. Igbó ní ẹni tó ni ín, ó ní ààlà, ó ní oníbodè. Nínú Igbó Olódùmarè (1949), ọdẹ Olówó-ayé àti iwin Èṣù-kékeré-òde fọ̀rọ̀ ko ara wọn lójú kí wọ́n tó wọ̀yá ìjà. Iwin tó bá ń béèrè ohun tí èèyàn wá ṣe, a lè dá a lóhùn. Ìdí nìyẹn tí ọmọdé fi lè ka ọ̀rọ̀ Agbákò lálẹ́, kó sì sùn.

Ẹnìkan lè ní: ìyá Àkàrà-ògùn, ọdẹ tó ń sọ ìtàn Ògbójú Ọdẹ, ńkọ́, ṣé kì í ṣe àjẹ́ ni? Àjẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ ìwé ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti tán. Lẹ́yìn náà, ọmọ rẹ̀ gba igbó lọ.

Kò yẹ kí ìyàtọ̀ ẹ̀rù méjì yìí ṣòro fún àwa ará Òkè-Ògùn. Lóòótọ́, ọ̀dàn tiwa kì í ṣe igbó kìjikìji Òkè-Igbó tí wọ́n ti bí Fágúnwà ní 1903. Ojú ń ríran jìnnà níbí. Òkè ló gba ipò igbó lọ́dọ̀ wa. Lórí òkè Àdó-Àwáyé ni adágún Ìyàkẹ wà, kò sì sí ọmọ ibẹ̀ tó ń fojú omi lásán wò ó. Ẹni tó bá mọ̀wọ̀n ara rẹ̀ níbi tó ní ẹni tó ni ín ti mọ ohun tí Fágúnwà ń sọ.

Òwe wa dà? Nínú Ògbójú Ọdẹ, ọba ló rán àwọn ọdẹ lọ sí Òkè Láńgbòdó nítorí ìlú. Kì í ṣe gbogbo wọn ló padà délé, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí Ìrágbèje, ọlọ́gbọ́n ibẹ̀, fi ọjọ́ méje kọ́ wọn, wọ́n mú un bọ̀ fún gbogbo wa. Wọn kò ro ìyà. Ẹ̀yin òbí, ẹ má gba ìwé náà lọ́wọ́ ọmọ nígbà tó bá dé ọ̀dọ̀ Agbákò. Ẹ jẹ́ kó kà á dé Òkè Láńgbòdó.