Kọ́kọ́rọ́ Ọkọ̀ Àtijọ́ ní Ìlú Dallas

Ní àdúgbò Deep Ellum ní ìlú Dallas, lójú pópó Canton, ilé bíríkì gàgàrà kan wà tí àwọn ènìyàn fi ṣe ibùgbé lónìí, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ pé láti ọdún 1914, nígbà tí ẹṣin ṣì ń bá ọkọ̀ du ọ̀nà ní ilẹ̀ Texas, ibẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ Ford ti ń to Model T pọ̀, kí wọ́n tó ṣí lọ sí East Grand Avenue ní 1925, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀ títí di 1970. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ń bá ọlọ́kọ̀ àtijọ́ bí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ bá sọnù, ẹnu ọ̀nà ilé yìí ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn.

Model T, àrìnká-ayé, ọkọ̀ olówó àti ọkọ̀ àgbẹ̀, èyí tí Ford ṣe ju mílíọ̀nù 15 lọ láàrin 1908 sí 1927, kò ka ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ sí bàbàrà rárá. Láti 1919 tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ iná tí ń jí ẹ́ńjìnnì sí i lára, nọ́ńbà 51 títí dé 74 ni gbogbo kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, oríṣi 24 péré fún gbogbo ayé, wọ́n sì tẹ nọ́ńbà náà gbàgàdà sójú irin tí kọ́kọ́rọ́ ń wọ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí tirẹ̀ bá bọ́ sínú koríko kò ní ju kí ó ka nọ́ńbà, kí ó sì lọ ra irú rẹ̀, tàbí kí ó yá ti aládùúgbò bí nọ́ńbà wọn bá ṣe ọ̀kan náà. Ohun tí olè ń rò nípa ètò yìí, ẹ jẹ́ kí n fi sílẹ̀ fún olè.

Nígbà tí ó di 1935, General Motors mú ìtìpa tí ó le jù bẹ́ẹ̀ lọ wọlé, iṣẹ́ ọwọ́ Briggs & Stratton ti ìlú Milwaukee, ó sì di pé kọ́kọ́rọ́ méjì ni ọlọ́kọ̀ ń gbé dání: olórí onígun mẹ́jọ fún ẹ́ńjìnnì àti ilẹ̀kùn, olórí róbótó fún búùtù àti àpótí kékeré iwájú ọkọ̀. Wọ́n kọ nọ́ńbà sára èérún irin kan tí ó wà nínú orí kọ́kọ́rọ́ náà, èyí tí a lè tì jáde lọ́jọ́ tí a bá ra ọkọ̀, kí olówó rẹ̀ fi pamọ́ sílé. Ọgbọ́n gidi ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀dá ni ẹ̀dá, ẹlòmíràn á jù ú nù, ẹlòmíràn á sọ ọ́ sínú àpótí ọkọ̀ kan náà, á sì ti àpótí pa.

Nítorí náà, bí wọ́n bá pe ọ̀gá kọ́kọ́rọ́ sídìí Chevrolet 1957 tí ó ti ń sùn nínú abà láti ìgbà bàbá ẹni tí ó jogún rẹ̀, nọ́ńbà ni yóò kọ́kọ́ wá. Ní ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbà náà, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sára irin ìtìpa fúnra rẹ̀, bí ó bá sì ti tú u tí ó rí i, ìwé nọ́ńbà yóò sọ fún un bí eyín kọ̀ọ̀kan yóò ṣe jìn tó. Níbi tí nọ́ńbà ti parẹ́, pàápàá lára ọkọ̀ Ford, yóò ti kọ́kọ́rọ́ tí kò tíì léyín bọ inú ihò, yóò yí i tagbáratagbára, yóò sì yọ ọ́ síta wo àpá tín-ín-tìn-tín tí irin inú lọ́hùn-ún fi sí i lára. Ojú àpá yẹn ni yóò fi fáìlì ha díẹ̀, kí ó tó tún tì í bọ̀ ọ́, léraléra, títí ìtìpa yóò fi gbà fún un. Alágbẹ̀dẹ tí ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tí ó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Èmi kò rí iṣẹ́ ọmọ Ògún tí ó ní sùúrù tó èyí.

Ní Dallas kan náà ni olú ilé ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ kọ́kọ́rọ́, ALOA, wà, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1955. Nítorí pé olè ní í mọ ẹsẹ̀ olè í tọ̀ lórí àpáta, tí ọwọ́ tí ó mọ bí a ti ń ṣí ìtìpa sì lè yà sí ibi tí kò yẹ, òfin Texas ní kí oníṣẹ́ náà gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ Department of Public Safety, ọlọ́kọ̀ náà a sì múra láti fi ìwé hàn pé òun ló ni ọkọ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án.

Ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ló wá rí i dájú pé irú ètò oríṣi 24 ti Model T kò ní padà wá. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1970, òfin ààbò ọkọ̀ nọ́ńbà 114 ti pàṣẹ pé kí oríṣi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ má dín sí 1,000, àfi bí iye ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ kò bá tó bẹ́ẹ̀. General Motors ti tètè gbé ihò kọ́kọ́rọ́ lọ sí ìdí sitiárìn fún ọkọ̀ 1969, kí ọkọ̀ má baà ṣeé wà bí kọ́kọ́rọ́ kò bá sí nínú rẹ̀. Ní 1986, wọ́n fi hóró dúdú kan sára kọ́kọ́rọ́ Corvette, èyí tí iná mànàmáná ń wọ̀n kí ẹ́ńjìnnì tó jí, oríṣi 15 sì ni hóró náà. Ọkọ̀ yẹn náà ti di arúgbó nísinsìnyí, nítorí pé Texas ń fún ọkọ̀ tí ó bá ti pé ọdún 25 ní nọ́ńbà ọkọ̀ àtijọ́. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ bá sì sọnù, bí oníṣẹ́ bá tilẹ̀ ti gé eyín rẹ̀ tán, ó ṣì kù kí ó dán hóró wò lọ́kọ̀ọ̀kan, nínú oòrùn Dallas, kí ó máa dúró ní ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ó bá ṣì í.