Oko Baba Ẹlòmíràn: Àwọn Ilé Ìjọsìn Àgùdà àti Ọwọ́ Tó Kọ́ Wọn

"Bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn, á ní kò sí oko tó tó ti baba òun." Ìgbà tí àgbà bá ń bá onígbéraga wí ni a sábà máa ń gbọ́ òwe yìí, ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ rò pé èébú ni. Lójú tèmi, ìmọ̀ràn ni. Òwe náà kò sọ pé oko baba ọmọ náà kéré. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun gan-an ló tóbi jù. Ohun tó ń wí ni pé ọmọ náà kò tíì ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀rí, kó dìde kó lọ. Kó má sì dúró sí ojú ààlà kó máa wo ebè lókèèrè. Kó wọ inú oko, kó béèrè ẹni tó kọ ebè, ẹni tó gbin iṣu àti ẹni tó roko. Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ kí a gbé dání bí a bá ń lọ wo àwọn ògbólógbòó ilé ìjọsìn Kátólíìkì.

Ní Ẹdẹ níbí, oko baba kì í ṣe ọ̀kan. Nínú agbo ilé kan náà, ẹ lè bá Mùsùlùmí, ẹ lè bá onígbàgbọ́, kí ẹ tún bá ẹni tó ń bọ Ṣàngó. Tìmì Abíbù Lágunjú tó jọba ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Mùsùlùmí ni. Tìmì Adétóyèsè Láoyè, tó wà lórí oyè láti 1946 títí di 1975, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni, ògbóǹtarìgì onílù sì tún ni. Àwọn onímọ̀ ti kọ odindi ìwé lórí bí ẹlẹ́sìn mẹ́ta ṣe ń bá ara wọn gbé ní ìlú yìí. 2017 ni ìwé ọ̀hún jáde. Ọmọ Ìjọ Àgùdà kò pọ̀ láàárín wa, ṣùgbọ́n wọ́n ní sẹ́mínárì kan ní Ẹdẹ tí wọ́n fi sọrí Ìyá Wa àti Kizito Mímọ́, lábẹ́ dáyósíìsì Òṣogbo tí wọ́n yọ lára ti Ọ̀yọ́ ní 1995. Ẹni tó bá wá fẹ́ rí ibi tí ìjọ náà ti pẹ́ gan-an, kó wọ ọkọ̀ Èkó.

Ọdún 1861 ni Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó. Nígbà tí Fádà Francesco Borghero, ọmọ ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì SMA, dé ibẹ̀ láti Wìdà (Ouidah) ní 1863, ó bá ìjọ nílẹ̀. Òyìnbó kọ́ ló dá a sílẹ̀. Àwọn Àgùdà ni, àwọn tí a kó lẹ́rú lọ sí Bùràsíìlì tí wọ́n gba òmìnira tí wọ́n sì padà wálé. Ọ̀kan lára wọn, tí gbogbo ayé ń pè ní Padre Antonio, ló ń kó wọn jọ gbàdúrà, tó sì ń ṣe ìrìbọmi fún wọn. Bẹ́ẹ̀, kò joyè fádà rárá! Fádà Pierre Bouche ló wá jókòó tì wọ́n ní 1868. Nígbà tó yá ni wọ́n kọ́ ilé gidi, Holy Cross, tó parí ní 1881. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ Àgùdà ló kọ́ ọ. Lázaro Borges da Silva àti Francisco Nobre wà lára wọn.

Ilé yẹn kọ́ ni ẹ ó bá níbẹ̀ lónìí. Èyí tó wà níbẹ̀ báyìí, 1934 ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, ó sì parí ní 1939. Fèrèsé olórí ṣóńṣó ló ní, bíi ti kátídírà ilẹ̀ Faransé ayé àtijọ́. Ó ga, ó dára, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń wá ọwọ́ àwọn Àgùdà, ẹ jáde níbẹ̀, ẹ máa lọ sí mọ́ṣáláṣí. Mo ní mọ́ṣáláṣí! Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tó wà ní Martins Street, João Baptista da Costa, ọmọ Àgùdà, ló ya àwòrán rẹ̀, July 4, 1894 ni wọ́n sì ṣí i, tí gómìnà òyìnbó Gilbert Carter jókòó níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì tí àwọn Àgùdà kọ́ fún ara wọn ti lọ. Mọ́ṣáláṣí tí wọ́n bá Mùsùlùmí kọ́ ṣì dúró. Ẹ kọjá sí Àjàṣẹ́, èyí tí àwọn mìíràn mọ̀ sí Porto-Novo, ẹ ó rí i pé ojú ṣọ́ọ̀ṣì Bahia ti Bùràsíìlì ni Mọ́ṣáláṣí Ńlá ibẹ̀ ní. Láàárín 1912 sí 1935 ni wọ́n kọ́ ọ.

Èyí tó sún mọ́ wa ju ti Èkó lọ ni iṣẹ́ ọwọ́ Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Ní 1947, Fádà Kevin Carroll àti Fádà Sean O'Mahony dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n kó gbẹ́nàgbẹ́nà, ahunṣọ àti àwọn tó ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe ọnà jọ. George Bándélé, ọmọ Arówóógun ará Ọ̀sì, ni àgbà wọn nínú igi gbígbẹ́. Ọmọṣẹ́ rẹ̀ ni Lámídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlà Ọ̀ràngún, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wa yìí náà. Mùsùlùmí ni Fákẹ́yẹ, Mùsùlùmí ló sì jẹ́ títí di ọjọ́ ikú rẹ̀ ní 2009. Òun ló gbẹ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì tó wà nínú Yunifásítì Ìbàdàn. Bí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ má kàn tì í wọlé. Ẹ dúró, ẹ wò ó. Orí àwọn ènìyàn inú rẹ̀ tóbi ju bó ṣe yẹ kó tóbi sí ara lọ, ojú wọn yọ síta, gẹ́gẹ́ bí gbẹ́nàgbẹ́nà wa ti ń ṣe é kí fádà kankan tó dé. Ọ̀nà mẹ́rin ni igi ń gbà kó tó di bẹ́ẹ̀: ọnà lílé, tí àáké àti sọsọ yóò fi yọ orí, ara àti ẹsẹ̀, àlétúnlé, tí ojú àti etí yóò fi hàn, dídán, tí ara igi yóò fi jọ̀lọ̀, àti fínfín, tí ọ̀bẹ yóò fi gé irun àti ọnà ara aṣọ. Ní ìpele kẹrin yìí ni ẹ ti máa ń mọ ọ̀gá yàtọ̀ sí ọmọṣẹ́.

Àwọn onígbàgbọ́ kan bínú sí Carroll nígbà náà, wọ́n ní ó fẹ́ dá òrìṣà padà sínú ilé Ọlọ́run. Mo mọ ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù, ṣùgbọ́n n kò gbà pẹ̀lú wọn. Irinṣẹ́ kò lẹ́sìn.

Ẹni tó bá ń lọ, kó mọ ìwà hù. Bí Máàsì bá ń lọ lọ́wọ́, ẹ jókòó sẹ́yìn, ẹ fi fóònù sápò. Níbi tí iná pupa kékeré bá ti ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ, ibi ọ̀wọ̀ ni fún wọn, ẹ má pariwo níbẹ̀. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìjọ kì í tò láti gba ara Olúwa.

Ohun kan ló ń dùn mí nínú àwọn ilé wọ̀nyí. Lórí òkúta ìpìlẹ̀, orúkọ bíṣọ́ọ̀bù tàbí ti gómìnà ni a sábà máa ń rí. Ti bíríkìlà àti káfíńtà kò sí níbẹ̀. Bí agbo ilé yín bá ní bàbá tàbí bàbá àgbà tó bá wọn kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí kan rí, ẹ béèrè orúkọ rẹ̀, iṣẹ́ tó ṣe níbẹ̀ àti ọdún tó ṣe é, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì mú ẹ̀dà kan lọ fún fádà tàbí lèmọ́ọ̀mù ibẹ̀.