Iṣẹ́ Tí Ẹnikẹ́ni Kò Rán

Àwọn àgbà ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Wọn kò fi ọ̀rọ̀ yìí sọ pé kí a má gba ìròyìn gbọ́. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ìròyìn ní ìwọ̀n tirẹ̀, àti pé ẹni tí kò sí níbi tí nǹkan gbé ṣẹlẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ọwọ́ tí òun ti gbà á. Láyé àtijọ́, àwọn baba wa kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀ràn yìí rárá.

Ẹ jẹ́ kí a fi àrokò ṣe àpẹẹrẹ. Bí a bá so owó ẹyọ méjì pọ̀ tí wọ́n dojú kọ ara wọn, ìfẹ́ àti ìrẹ́pọ̀ ni. Bí wọ́n bá kẹ̀yìn síra, ìjà ni. Owó ẹyọ mẹ́fà ń wí fún ẹni tí a fi í ránṣẹ́ sí pé ọkàn ẹni tí ó ránṣẹ́ fà sí i, nítorí pé "fà" ni ó wà nínú ẹ̀fà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àìmọ̀ọ́kọ ni ó mú kí a máa pa àrokò. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀ pátápátá. Àrokò a máa ṣe ẹ̀rí sí ẹnu ìránṣẹ́, kí ẹni tí a rán iṣẹ́ sí lè mọ̀ bóyá ìránṣẹ́ ti bu ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ mọ́ ọn. Bákan náà ni ti àwọn ìlàrí Aláàfin: wọn a fá apá kan orí wọn, wọn a dá apá kejì sí, ẹni tí ó bá sì pàdé wọn lọ́nà ti mọ̀ pé láàfin ni ọ̀rọ̀ ti wá. Kì í ṣe pé irọ́ kò sí nígbà náà. Láti ìgbà tí ẹnu ti wà ni irọ́ ti wà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ní ẹni tí ó rán an, ó ní ẹni tí ó jẹ́ ẹ, a sì lè mú àwọn méjèèjì.

Nígbà tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn ní Abẹ́òkúta ní oṣù Kejìlá ọdún 1859, nǹkan yí padà díẹ̀. Òǹkàwé kò rí ojú ẹni tí ń bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Ibi tí èyí lè gbé ènìyàn dé hàn kedere ní Èkó ní ọdún 1929, nígbà tí lẹ́tà obìnrin kan tí ó pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú ìwé ìròyìn Àkéde Èkó. Ó ní òun ti fi ìgbà èwe òun jayé pẹ̀lú ọkùnrin púpọ̀, àti pé àìsàn ti wá dá òun gúnlẹ̀. Ó dárúkọ àdúgbò, ó mẹ́nu ba orin tí gbogbo Èkó mọ̀. Àwọn òǹkàwé gbà á gbọ́. Wọ́n ń kọ lẹ́tà ìbánikẹ́dùn, àwọn kan tilẹ̀ fi owó ránṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni I. B. Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn náà fúnra rẹ̀, ni ó ń ti inú ara rẹ̀ kọ gbogbo rẹ̀. A tẹ̀ ẹ́ ní ìwé ní ọdún 1930, àwọn onímọ̀ púpọ̀ sì kà á sí ìtàn-àròsọ gígùn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Èmi kò bínú sí Thomas. Ìwé dáradára ni ó fi gbà wá, gbogbo Èkó sì mọ ilé ìtẹ̀wé rẹ̀. Ẹni tí inú bá bí mọ ilẹ̀kùn tí yóò lọ kàn.

Ti ọdún 2014 kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún náà ni Patrick Sawyer bá ọkọ̀ òfuurufú gúnlẹ̀ sí Èkó láti Làìbéríà, pẹ̀lú àrùn Ẹ̀bólà lára. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ó kú. Dókítà Ameyo Adadevoh, tí ó kọ̀ jálẹ̀ pé aláìsàn náà kò gbọdọ̀ jáde ní ilé ìwòsàn, kó àrùn náà, ó sì kú ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ. Ìbẹ̀rù gba ìlú kan. Ní òru tí ilẹ̀ ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ fi mọ́ ni àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń ti inú fóònù bọ́ sí inú fóònù: kí olúkúlùkù fi omi gbígbóná tí a bu iyọ̀ sí wẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ó sì mu nínú rẹ̀, Ẹ̀bólà kò ní lè mú un.

Ní nǹkan bí aago méjì òru ni àbúrò bàbá mi obìnrin pè mí. "Dìde," ni ó wí, "kí o gbé omi kaná. Ṣé iyọ̀ wà nílé?" Ẹ jọ̀wọ́, obìnrin yìí kì í parọ́. Láti kékeré mi, n kò gbọ́ ọ kí ó purọ́ rí. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti le gan-an nìyẹn: ẹni tí ó fi iṣẹ́ náà jẹ́ mi ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni ó mọ ìdí rẹ̀. Mo gbé omi kaná. Mo fi wẹ̀, ojú sì ń tì mí bí mo ti ń wẹ̀ ẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí mo ní ni kò jẹ́ kí n mu ún.

Ìjọba àti Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé irọ́ ni. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Òtítọ́ tètè bá ti omi iyọ̀ yìí, ṣùgbọ́n àwọn kan ti mu ún. Àwọn ìwé ìròyìn ròyìn pé ènìyàn méjì kú nítorí iyọ̀ àmujù, a sì gbé àwọn mìíràn lọ sí ilé ìwòsàn. Ènìyàn mẹ́jọ ni Ẹ̀bólà fúnra rẹ̀ pa ní Nàìjíríà kí a tó kéde ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ẹ gbé méjì lé ẹ̀gbẹ́ mẹ́jọ, kí ẹ wò ó.

Ti orógbó tún ta kókó ju ti iyọ̀ lọ. Ní ọdún 1999, Ọ̀jọ̀gbọ́n Maurice Iwu sọ ní ìlú St. Louis, ní Amẹ́ríkà, pé ohun tí a fà yọ lára orógbó dá kòkòrò Ẹ̀bólà dúró nínú àyẹ̀wò tí a ṣe. Inú ìgò àyẹ̀wò ni, kì í ṣe lára aláìsàn. Ní ọdún 2014, ìròyìn àtijọ́ náà tún jáde láìní déètì, ó ti di pé orógbó ń wo Ẹ̀bólà sàn. Ẹni tí ó wádìí yóò bá òtítọ́ díẹ̀ nídìí rẹ̀, yóò sì rò pé ìwádìí òun ti parí. Èyí ni mo fi gbà pé kò tó kí a bi ìròyìn léèrè pé ta ni ó wí bẹ́ẹ̀. A ní láti bi í pé nígbà wo, àti lórí kí ni. Kí ènìyàn tún fi ojú ewé tí ó wà níwájú rẹ̀ sílẹ̀ ná, kí ó lọ wo ohun tí àwọn ẹlòmíràn tí wọ́n ní orúkọ àti àdírẹ́sì sọ lórí ọ̀rọ̀ kan náà.

Lẹ́yìn ìgbà náà, àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ yíyẹ ìròyìn wò ti dé ọ̀dọ̀ wa. Africa Check, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2012, ṣí ọ́fíìsì sí Èkó ní ọdún 2016. Dubawa tẹ̀ lé e ní ọdún 2018. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2020, WhatsApp ṣe é pé iṣẹ́ tí ó bá ti ọwọ́ dé ọwọ́ lẹ́ẹ̀márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹnì kan tàbí ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ni a lè fi í ránṣẹ́ sí lẹ́ẹ̀kan náà. Ọfà méjì ni ó fi sàmì sí i. Irú àrokò kan ni ọfà méjì yìí lójú mi. Ó sọ pé iṣẹ́ náà ti rìn jìnnà. Kò sọ ẹni tí ó rán an.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tí a wẹ omi iyọ̀, inú bí àbúrò bàbá mi, ó sì pinnu láti wá ìdí ọ̀rọ̀. Ó jókòó ní pálọ̀, ó ń pe ènìyàn kọ̀ọ̀kan. Ìyá ìjọ tí ó fi ránṣẹ́ sí i dárúkọ ọmọ rẹ̀ tí ó wà ní Zaria. Ọmọ náà dárúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ dárúkọ olùkọ́ kan. Ẹni kẹfà ni ó wí pé ọwọ́ àkọ́bí àbúrò bàbá mi gan-an, tí ń gbé ní Ìbàdàn, ni òun ti gbà á. A pe ìyẹn náà. Ó ní inú ẹgbẹ́ kan lórí fóònù ni òun ti rí i, òun kò sì rántí èwo.