Ilẹ̀, Èbúté àti Ààlà: Bí Ìjọba àti Àwọn Ilé-iṣẹ́ Ṣe Sọ Àpápá Di Àpápá

Kí ọkọ̀ òkun tó máa já ẹrù ní Àpápá, ilẹ̀ àwọn olóyè Ìdẹ́jọ ni. Ní 1913, ìjọba amúnisìn gba ilẹ̀ ìdílé Olúwa níbẹ̀, wọ́n ní fún ìlò ará ìlú ni. Owó tí wọ́n fẹ́ san kò tó nǹkan, nítorí wọ́n ka olóyè náà sí agbowó ìṣákọ́lẹ̀ lásán, wọn kò kà á sí onílẹ̀. Olóyè Àmọ́dù Tìjání gbé ẹjọ́ náà dé Lọ́ńdọ̀nù, Herbert Macaulay sì bá a lọ. Ní 1921, Privy Council dá a láre. £22,500 ni ìjọba san nígbẹ̀yìn. Ibí yìí ni ó yẹ kí ìtàn ilé-iṣẹ́ ní Àpápá ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ìdí ẹ̀rọ.

Èbúté ọkọ̀ ńlá parí ní 1926, reluwé sì ń kó ẹ̀pà Kano wá síbẹ̀. Lever Brothers, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1923, kọ́ ilé-iṣẹ́ ọṣẹ sí Àpápá. Ní àwọn ọdún 1950, Lagos Executive Development Board da iyanrìn sí àbàtà, wọ́n pín in sí ilẹ̀ ilé-iṣẹ́ àti ilẹ̀ ibùgbé. Òfin 1952 sì dín owó orí kù fún àwọn ilé-iṣẹ́ tuntun. Nígbà tí Flour Mills bẹ̀rẹ̀ sí í lọ àlìkámà ní 1962, etí omi gan-an ni ó wà, nítorí inú ọkọ̀ òkun ni àlìkámà ti ń bọ̀. Ìjọba kò kọ́ ilé ìlọyẹ̀fun, ilé-iṣẹ́ náà kò sì gbẹ́ èbúté.

Ta ni yóò wá fún àwọn lébìrà ní ilé? Ètò Àpápá kò ro tiwọn tó bẹ́ẹ̀. Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n sá lọ: Ìlàjẹ, Ìjọ́, Ùròbò, Ìgbò àti Yorùbá lóríṣiríṣi. Títí di 1967 tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, abẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni Ajégúnlẹ̀ wà, Àpápá sì wà lábẹ́ ìjọba àpapọ̀. Àwọn tí ó la títì sí Àpápá kò ní àṣẹ níbẹ̀. Ìjọba tí ó ní àṣẹ sì jìnnà sí i, ní Ìbàdàn. Ajé gúnlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òdìkejì ààlà ni ó gúnlẹ̀ sí.

Ní 2006, ìjọba fi ibùdó àpótí ẹrù lé APM Terminals lọ́wọ́. Ní Ajégúnlẹ̀, Boundary ni àwọn awakọ̀ ṣì ń pe ibi tí ààlà náà wà.