Táyà Iwájú Ọ̀kadà (Ìdànrè)

Táyà ẹ̀yìn ló ń ti ọ̀kadà, ti iwájú ló ń darí rẹ̀. Bí ti iwájú kò bá di ilẹ̀ mú, ọlọ́kadà á yí ọwọ́ sọ́tùn-ún, ọ̀kadà á sì máa fà lọ síwájú. Ìlú kòkó ni Ìdànrè, Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ọ̀kadà ló sì ń gbé ọ̀pọ̀ àpò kòkó jáde lóko.

Táyà tí wọ́n gé ìlà gbọọrọ yí ojú rẹ̀ ká máa ń lọ tààrà lórí ọ̀dà. Ẹrẹ̀ pupa ni ọ̀tá rẹ̀: tó bá ti dí àwọn ìlà náà, táyà tuntun á dán bí èyí tó ti jẹ tán. Táyà eléyín ńláńlá ń gún ẹrẹ̀ wọlé, ó sì ń tu ú dànù bó ṣe ń yí, àmọ́ ó máa ń gbọ̀n lórí ọ̀dà, kò sì ṣeé gbára lé lórí àpáta tí òjò rin.

Nọ́ńbà 2.75-17 lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà túmọ̀ sí ìbú íǹṣì 2.75 àti rímù íǹṣì 17. Bí àpò kòkó bá ti pọ̀ jù lẹ́yìn, iwájú á fúyẹ́, kò sì sí táyà tó lè tún ìyẹn ṣe.